Ìjókòó Ẹ̀yìn Ṣófo

Wọ́n mú iná lọ nírọ̀lẹ́, lèmi àti ìyàwó mi, Adúnọlá, bá kó sínú mọ́tò wa nínú ọgbà. Iná inú mọ́tò la fi ń ṣètò ìsinmi ráńpẹ́ tí a fẹ́ fi mọ́tò rìn létí òkun. Ṣùgbọ́n òkun yẹn ló gbé ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, Akínlúyì, lọ, wọn ò sì rí òkú rẹ̀ sin.

"Bàbá Ìdùnnú, mi ò lè gba ọ̀nà yẹn."

"Bí òkun yẹn bá yájú sí wa, màá da gaàrí sí i, màá sì mu ún tán kí ilẹ̀ tó mọ́!" Mo yọrí síta, mo ké sínú òkùnkùn: "Bọ̀dá Akínlúyì, ẹ wá bá wa lọ o! Ìjókòó ẹ̀yìn ṣófo!"

"A kì í fi alẹ́ pe ẹni tí omi gbé lọ!"

Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, ó sì rọra padé. Òórùn omi iyọ̀ gba inú mọ́tò. Lẹ́yìn wa, bẹ́líìtì ìjókòó dún: kẹ́!

Adúnọlá kò wẹ̀yìn. Omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ pè wọ́n," ó ní. "Ó yá, ẹ wa mọ́tò."