Owó Gbà-máà-bínú Òyìnbó

"Tún un ṣírò. O kò ka ọdún tí mo lò ní Oǹdó," ni ọ̀gá òyìnbó wí.

Akọ̀wé nu ojú, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí a gba òmìnira, ìjọba ń san owó gbà-máà-bínú fún àwọn òyìnbó tó ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Akọ̀wé ti ṣírò ti gbogbo wọn ní ọ́fíìsì Ìkẹjà títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ti ọ̀gá yìí nìkan ló kù. Bó bá ti lọ, akọ̀wé ni yóò gba ipò rẹ̀. Catherine ìyàwó akọ̀wé ti ń wá ilé ńlá kiri Agége.

"Ó ti pé báyìí, sà."

Òyìnbó fọwọ́ sí i, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Ó dàbọ̀ o."

Ní ọjọ́ Ajé, akọ̀wé wọ ẹ̀wù kóòtù, ó ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ọ̀gá. Òyìnbó jókòó síbẹ̀, ó ń mu tíì.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan ni?"

"Rárá o. Ìjọba yín ló tún gbà mí síṣẹ́, ní kọ́ńtíráàtì. Jókòó, ká ṣírò owó oṣù mi tuntun."

Akọ̀wé bọ́ kóòtù rẹ̀, ó sì jókòó.