Ọkọ Ákítìn

Ní ọdún tí àwọn ṣọ́jà ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá, ó ti pé ọdún mẹ́fà tí Àdìgún ti ń jẹ́ Ákítìn Akọ̀wé ní ilé ìgbìmọ̀ kan lágbègbè Ṣakí. Akọ̀wé gan-an lọ kàwé sí i, wọ́n ní kí Àdìgún bá a di ipò mú, ẹni tó lọ kò sì padà. Ọ̀rọ̀ náà, Ákítìn, kì í jáde lẹ́nu Àdìgún bí ó bá ń sọ ti ara rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ló máa ń fún ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Tísà tuntun tó háyà yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀, Puróbéṣọ̀n ló ń pè é. Ìgbìmọ̀ olóṣù mẹ́fà tí ìjọba yàn, Kiatéékà ni. Òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ tí kò tó fi gbin àgbàdo, ó ní Íntárímù ni, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí rẹ̀ gbé ọkọ́.

Lọ́jọ́ kan, àlejò mẹ́ta wá kí i láti Ìjió. Ọ̀kan nínú wọn bi Àwáwù ìyàwó rẹ̀ bóyá ọkọ rẹ̀ ti di Akọ̀wé pátápátá. Àwáwù gbé omi kalẹ̀.

"Rárá o. Àga ẹni tó lọ kàwé ló ṣì ń bá wọn ṣọ́."

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Àdìgún ní òun kọ Àwáwù sílẹ̀. Ká ní ó dúró níbẹ̀, àwọn àgbà ì bá ti parí rẹ̀ kí wọ́n tó kírun àṣálẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì Àdìgún, wọn kì í fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń sinmi láàárín ìkíní àti ìkejì bí ẹni ń lu òǹtẹ̀, àlejò mẹ́ta sì jẹ́rìí sí i.

Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tó fi rí i pé òun kò mọ ibi tí wọ́n ń kó aṣọ òun sí. Fàtímọ̀ ọmọ wọn ti tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ. Ilé dákẹ́ débi pé ó ń gbọ́ ikọ́ Puróbéṣọ̀n láti yàrá kejì. Ó fẹ́ ìyàwó rẹ̀ padà.

Ó tọ Lèmọ́mù Mùstàfá lọ. Òun ló ń síwájú ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn, ọkùnrin tó mọ́ tónítóní, tí ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí àwọn ará ilé ń gbé oúnjẹ fún. Lèmọ́mù ní mẹ́ta ti ti ilẹ̀kùn. Àwáwù yóò dúró oṣù mẹ́ta, yóò fẹ́ ọkọ mìíràn, yóò bá a gbé. Bí ọkọ náà bá kú tàbí tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò tún dúró oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló tó lè dá ọkùnrin tó bá wù ú lóhùn.

"Ó yé mi," ni Àdìgún wí. "Ọkọ Ákítìn."

"Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú Ṣẹ̀ríà, Akọ̀wé. Ẹ má dá ọjọ́ sí i."

Àdìgún ṣàánú rẹ̀, ó ní àìkàwé gẹ̀ẹ́sì ni.

Ó fi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ wá ẹni tí kò lẹ́wà, tí kò lówó, tí kì í sọ̀rọ̀. Ó rí Ràmọ́nì, àpọ́n tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi igbá, tí ojú rẹ̀ kan ń wo Ìṣẹ́yìn, tí ìkejì ń wo Ìgbòho.

"Ìwọ kọ́ ni ọkọ o," Àdìgún sọ fún un. "O kàn máa wà níbẹ̀ ni."

Ràmọ́nì bi í bóyá òun lè jẹ oúnjẹ tí obìnrin náà bá sè. Àdìgún rò ó títí, ó gbà á láàyè.

Wọ́n so yìgì. Láàárín oṣù kan, ẹ̀wù Ràmọ́nì ń rí áyọ́ọ̀nù, ọrùn rẹ̀ ń nípọn. Àdìgún ń gba abẹ́ igi igbá kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tí kò bàjẹ́. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó sáré tọ Lèmọ́mù lọ pé Ákítìn náà fẹ́ jókòó pa. Lèmọ́mù ní kó fi Ràmọ́nì sílẹ̀ fún òun.

Ọyẹ́ ti mú nígbà tí Ràmọ́nì kọ Àwáwù sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, níwájú ẹlẹ́rìí méjì.

"Akọ̀wé, ẹ gba iṣẹ́ yín," ó wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni obìnrin yìí ní kí n máa wẹ̀, nínú ọyẹ́ yìí."

Àdìgún fún un ní ṣáàfù tuntun fún kẹ̀kẹ́, irin tí táyà ń yí lé lórí, ó ní ìyókù oṣù mẹ́ta, Íntárímù lásán ni. Lèmọ́mù kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó wà nínú ìdúró. Ohun tó bá ní, kó kó o wá. Àdìgún kó iṣu Ìlúà wá, ó kó òrí wá, ó kó aṣọ òfì wá. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Lèmọ́mù ń gbé e lọ, tó tún ń bi Àwáwù ní iye ọjọ́ tó kù, tí yóò sì padà ní ìrọ̀lẹ́ wá wí pé Àwáwù ní iṣu náà dára. Ìyá tó ń gbé oúnjẹ Jímọ̀ fún Lèmọ́mù ṣàròyé pé ó ti ń dá a padà. Àdìgún sọ fún ìyá náà pé ààwẹ̀ ni, pé irú àwọn ẹni mímọ́ bẹ́ẹ̀ ṣì kù.

Oṣù pé. Lèmọ́mù ránṣẹ́ sí i: "Yìgì Àwáwù di Jímọ̀ tó ń bọ̀. Bàbá rẹ̀ ti gbà." Àdìgún dá agbádá, ó kun ilé lọ́dà, ó kó gbogbo ọ́fíìsì lẹ́yìn lọ sí ilé bàbá Àwáwù, ó sì jókòó síwájú.

Náíbì, igbákejì Lèmọ́mù, ló jókòó láti so yìgì náà, ó ní kí wọ́n foríji òun, òun ń delé ni, nítorí Lèmọ́mù kò lè so yìgì ara rẹ̀.