Iná Pupa Tí Múdàṣírù Ní Kí Wọ́n Yọ

Ẹ má ṣe já ìtàn yìí jù sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á títí tí ẹ ó fi débi tó parí sí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀. Ọláídé, ẹ̀gbọ́n Múdàṣírù lóbìnrin, ló kọ́kọ́ sọ ọ́, lọ́jọ́ Iléyá ọdún 2016, nílé wọn ní Ashaiman, nílẹ̀ Gánà. Bó ṣe sọ ọ́ nìyí.

1.

Fóònù ni Múdàṣírù ń tà ní Circle, ọjà ńlá kan ní Accra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, ó ra ọkọ̀ kan tí wọ́n ti lò lókè òkun, aláwọ̀ eérú, tó ń dán bíi dígí. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ pa orí ọkọ̀ náà bí ẹni ń pa orí ọmọ.

Oṣù kan kò tíì pé tí iná pupa kan bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ọkọ̀ bá ti dúró pẹ́ díẹ̀ nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, iná á tàn. Abena, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, máa ń bá a wọkọ̀ relé.

"Múdà, Kérésì ti dé o," ni Abena wí. "Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ orin ni?"

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti gbọ́. Kérésì ni wọ́n sọ ọkọ̀ náà.

2.

Ó gbé e lọ sí Abossey Okai, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, sọ́dọ̀ Yusif, fítà tó ń bá a tún un ṣe. Yusif ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó wò ó títí.

"Ọ̀gá, omi ń jò wọnú ẹ́ńjìnnì. Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́rin kí n tú u."

"Ọjọ́ mẹ́rin? Kí n máa bá èrò há mọ́ inú trotro lójú Abena?"

"Ọkọ̀ ló ń ṣàìsàn, kì í ṣe Abena."

"Iná yẹn ló ń dójú tì mí, Yusif. Yọ gílóòbù rẹ̀."

Yusif gbé sípánà sílẹ̀. "Ọ̀gá, iná yẹn kò ṣẹ̀ yín. Alóre tó ń ṣọ́ yín ni."

"Ṣáà yọ ọ́."

Yusif yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, Abena kò rí nǹkan kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ojú Múdàṣírù kò kúrò níbi òkùnkùn kékeré tí iná náà wà tẹ́lẹ̀, bí ahọ́n ṣe máa ń lọ síbi eyín tó ti ká.

3.

Ọdún mọ́kànlá ni ìyá wọn fi ń retí Mẹ́kà. Ọdún yẹn ni ó kàn án. Àwọn aládùúgbò ń wá rán an ní àdúrà tí yóò bá wọn gbà níbẹ̀: ẹlòmíì ń wá ọmọ, ẹlòmíì ń wá ìwòsàn. Ọláídé ń bá a kọ wọ́n sínú ìwé kan, ó sì fi ìwé náà sínú àpótí ìrìn-àjò ìyá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, ni wọ́n fẹ́ sin ìyá lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Àkíbù, àbúrò ìyá, gbé tàkísí rẹ̀ àtijọ́ wá ní kùtùkùtù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọ tèmi. Kò rẹwà, àmọ́ ibi tó bá ń lọ, ó ń débẹ̀."

"Bàbá Àkíbù," ni Múdàṣírù wí, "ṣé kí n ní mọ́tò tèmi, kí ìyá mi wá wọ tàkísí lọ Mẹ́kà?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Àkíbù, jẹ́ kí inú ọmọ mi dùn." Ó bá wọ ọkọ̀ eléérú.

4.

Wọn kò tíì rìn dé ìdajì Motorway, ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Accra, tí òórùn nǹkan gbígbóná fi gba inú ọkọ̀.

"Múdà, kí ló ń rùn?"

"Àwọn ilé iṣẹ́ ni, Màámi."

Ó wo ibi iná pupa. Òkùnkùn ló wà níbẹ̀. Lójijì ni èéfín funfun yọ níwájú wọn. Múdàṣírù dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àkíbù, tó wà lẹ́yìn wọn, dúró pẹ̀lú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Yóò tutù báyìí," ni Múdàṣírù wí. "Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹ máa lọ, kí ẹ sọ fún wọn pé à ń bọ̀."

Àkíbù wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá wo ọmọ rẹ̀, ó rí i bí ó ṣe ń làágùn.

"Máa lọ, Àkíbù. Ọmọ mi ní à ń bọ̀."

Múdàṣírù da omi inú ọ̀rá mẹ́fà sí i. Ọkọ̀ jí, ó rìn kọjá òpó iná mẹ́ta, nǹkan dún gbì nínú ẹ́ńjìnnì, ó dákẹ́. Ó pe Àkíbù, ṣùgbọ́n lójú Motorway, ẹni tó bá ti kọjá gbọ́dọ̀ lọ yí po níwájú, kó tún padà jìnnà lẹ́yìn kó tó lè débi tó ti kúrò. Ìyá jókòó, ó ń ka tẹ̀súbáà.

"Múdà, ṣé ọkọ̀ yìí kò ní ohun tó máa ń kìlọ̀ fúnni ni?"

"Ó ní in tẹ́lẹ̀, Màámi."

Nígbà tí Àkíbù fi padà dé, tí wọ́n sì fi dé pápákọ̀, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ti ń wọ bàlúù. Wọ́n ní kí ìyá fara balẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

5.

Ìyá kò rí Mẹ́kà ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ààwẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e lọ. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ṣí àpótí tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Ọláídé yọ ìwé àdúrà náà, ó nà án sí àbúrò rẹ̀. Ti ìyá fúnra rẹ̀ ló wà lókè pátápátá:

"Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọkọ̀ Múdàṣírù dójú tì í."

Múdàṣírù kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó jáde lọ síbi tí ọkọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí koríko ti hù yí táyà rẹ̀ ká, ó sì ránṣẹ́ pe àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹfà, ọdún 2016, ni wọ́n tì í kúrò nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀, ẹ gbọ́ o. Ohun tó ń kìlọ̀ fún yín kì í ṣe ọ̀tá yín, bó tilẹ̀ ń dójú tì yín lójú ọ̀rẹ́. Ẹ tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ẹ fi iná sílẹ̀. Bí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò rẹwà bá sì ní kí ẹ wọ tòun, ẹ wọ ọ́. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.