Jíìpù Tí Fàmíyọ Kọ̀

Òótọ́ pọ́nńbélé ni ìtàn yìí. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí n má fi oúnjẹ kan ẹnu lónìí. Ó dáa, mo ti jẹun kí n tó bẹ̀rẹ̀, ibì kan sì wà tí mo fi irọ́ díẹ̀ lẹ̀. Ibì kan péré ni. Màá jẹ́wọ́ rẹ̀ tí a bá dé ìparí.

Agbẹ̀bí kan kó dé abúlé tí ó pín sí méjì. Ilé ìwòsàn àti ilé tirẹ̀ wà nísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ aláboyún wà lókè, ọ̀nà amọ̀ kan ṣoṣo ló sì so wọ́n pọ̀. Ìsun omi kan wà lábẹ́ ọ̀nà náà, níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, nítorí náà ẹrẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ, ì báà jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mọ́tò tó bá dé ibẹ̀ á rì. Ẹni tó bá rì á ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ agbẹ̀bí, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Fàmíyọ, nítorí pé òun ló ní katakata àti ṣéènì. Láàárọ̀, á fi katakata fa táǹkì omi lọ sí oko ewébẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà títí di ìrọ̀lẹ́, mọ́tò ló ń fà yọ, ó sì ń gbowó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé alájà méjì ló fi kọ́, kì í sì í ṣe ewébẹ̀ ló kọ́ ọ.

Lóṣù tó kọjá, mọ́tò kékeré agbẹ̀bí rì síbẹ̀. Kí ó tó fẹsẹ̀ rìn dókè, ọmọ ti dé ilé ayé láìdúró dè é. Orí ló kó ìyá ọmọ yọ. Ní báyìí, aláboyún ìbejì kan wà lókè, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ sì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Agbẹ̀bí ta mọ́tò kékeré náà, ó da owó rẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tó ti tọ́jú, ó lọ bá Fàmíyọ.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ wo jíìpù àlòkù tó lè gun òkè yẹn. Àbúrò yín kò mọ táyà yàtọ̀ sí ìdérí ìkòkò."

Inú Fàmíyọ dùn. "Ìyàwó wa, o mọ ẹni tó yẹ kí o bẹ̀. Ta ló mọ òkè yẹn tó mi?"

"Ohun tí èmi náà rò nìyẹn," ni agbẹ̀bí wí.

Nínú ọgbà alálòkù, jíìpù mẹ́ta ni owó agbẹ̀bí ká. Alálòkù kọ́kọ́ wo bàtà Fàmíyọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ yín ni? Ó ti tó oṣù méjì tí a ti rí i gbẹ̀yìn níbí."

"Omi oko ni," ni Fàmíyọ dáhùn, ó sì gbọn ẹrẹ̀ tútù náà nù lára òkúta.

Jíìpù àkọ́kọ́ funfun, ó ń dán. Jíà kékeré tí a fi ń mú kí táyà iwájú bá tẹ̀yìn ṣiṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. "Èyí ni wọ́n ń pè ní jíìpù," ni Fàmíyọ wí. "Wo ìjókòó."

Èkejì pupa. Ikùn rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀ débi pé ológbò tó sùn sábẹ́ rẹ̀ ní láti fi àyà fà jáde. Fàmíyọ ní èyí náà kò burú.

Ẹ̀kẹta jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó dà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Fàmíyọ kúnlẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wọlé, ó ti jíà kékeré, ó dún kọ̀. Ó wà á gun òkìtì iyanrìn tó wà lẹ́yìn ọgbà, ó sì tún wà á sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó jáde, ó nu ojú rẹ̀.

"Kò dáa."

"Kí ló ṣe é, ọkọ mi?"

"Àwọ̀ rẹ̀."

"Kí ló tún ṣe é?"

"Ó ń rùn. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ké. Aṣọ ìjókòó ti ya. Ìyàwó wa, irú rẹ kò yẹ kó gbé irú èyí jáde, wọ́n á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ìwà lẹwà o, ìyá," ni alálòkù wí. "Ti mọ́tò náà kò yàtọ̀."

"Ta ló bi ọ́?" ni Fàmíyọ bi í.

Agbẹ̀bí kò kánjú. Ẹni tó ti dúró de ọmọ títí ilẹ̀ fi mọ́ kì í kánjú nítorí mọ́tò.

"Ọkọ mi, nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni kí n má gbé dé ìdí òkè yẹn rárá?"

"Aláwọ̀ ewé yìí. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Bí orúkọ mi."

Agbẹ̀bí ṣí àpò rẹ̀, ó sanwó jíìpù aláwọ̀ ewé.

"Ìyàwó wa, àbí o ò gbọ́ mi ni?"

"Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ọkọ mi. Ẹ kú wàhálà. Ẹ wá jókòó níwájú."

Ní ọjọ́ kẹwàá, ìyá ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Fàmíyọ jókòó sórí katakata nísàlẹ̀ òkè, ṣéènì wà léjìká rẹ̀. Jíìpù náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ inú ẹrẹ̀, ó dún kọ̀, ó sì ń gùn lọ. Agbẹ̀bí fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan láti fi kí i, bí ìyàwó ilé ṣe ń kí ọkọ. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọmọ méjèèjì ti ké, ìyá wọn sì ti ń béèrè oúnjẹ.

Irọ́ kan ṣoṣo tí mo pa ni ti ìsun omi: kò sí omi kankan lábẹ́ ọ̀nà yẹn àfi èyí tí Fàmíyọ ń fi táǹkì rẹ̀ dà sí i ní ìdájí, tí agbẹ̀bí sì ti ń wò ó láti ojú fèrèsé rẹ̀ fún odidi oṣù kan kí ó tó lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá òun yan mọ́tò.