Aṣọ Òkú ní Ṣọ́ọ̀bù Dominic

Ẹ̀yin tí ẹ gba ènìyàn síṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi sùúrù ka ìtàn yìí délẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni ó ń bá wí.

1.
Ní nǹkan bí ọdún 1954, nígbà tí kòkó ń mú owó wọlé, Dominic kú ní Òdòde Ìdànrè. Ó fi ṣọ́ọ̀bù aṣọ àlòkù sílẹ̀ fún Joanna, ìyàwó rẹ̀. Ọjà náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ ti mú ẹnu Joanna wúwo. Bí oníbàárà bá kí i, orí ni yóò kàn mì. Nígbà tó rí i pé ọjà ń kú lọ, ó gba Túnráyọ̀ síṣẹ́, ọmọbìnrin kan láti ìdílé Aládùúrà.

"Kíkí ni mo gbà ọ́ fún," ni Joanna wí. "Ẹni tó bá wọlé, kó jáde tẹ̀ríntẹ̀rín."

Túnráyọ̀ gbọ́ràn. Kò pẹ́ tó fi mọ orúkọ ọmọ gbogbo oníbàárà. Bí wọ́n bá ti tú ìdì aṣọ tuntun, yóò yọ ẹ̀wù tó bá ọmọ kọ̀ọ̀kan mu, yóò fi pamọ́ dè wọ́n.

2.
Lọ́jọ́ ọjà kan, Ìyá Olútóyìn, oníbàárà kan láti abúlé Atosin, wọlé.

"Ẹ kú ọjà o, ìyá aláṣọ. Túnráyọ̀ dà?"

"Èmi tí mo jókòó síbí, ṣé àpótí ni mí?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú. Òun ló mọ ìwọ̀n ọmọ mi ni. Ní Atosin, ṣọ́ọ̀bù Túnráyọ̀ la mà ń pe ibí!"

Ọ̀rọ̀ náà gún Joanna lọ́kàn. Ṣọ́ọ̀bù ọkọ òun! Ó lé Túnráyọ̀ sí yàrá ẹ̀yìn, kó máa ká aṣọ, kó má yọjú mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ń gba ẹ̀gbẹ́ Joanna kọjá lọ bá ọmọ náà ṣàwàdà, ẹ̀rín wọn sì dà bí ata lójú rẹ̀.

"Màmá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀? Ká aṣọ."

Kí ló dé tí kò lé e lọ? Ẹ̀rù ń bà á pé àwọn oníbàárà á tẹ̀lé e. Ohun tó ń wá ni kí ọmọ náà di ìríra lójú wọn.

3.
Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bí wọ́n ti jáde ní Mísà ìjọ Àgùdà, Joanna fa Bernadette ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àwọn aṣọ tí Túnráyọ̀ ń fi pamọ́ fún ènìyàn, ṣé o mọ̀ wọ́n? Aṣọ òkú òyìnbó ni. Ara òkú ni wọ́n ti bọ́ wọn."

"Màríà Ìyá Ọlọ́run! Ta ló sọ fún ọ?"

"Má bi mí. Ṣáà má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Irọ́ pátápátá ni. Bernadette sọ fún àbúrò rẹ̀, àbúrò sọ fún ọkọ. Kí ọjà tó tún pé, ó ti dé Atosin.

Ó ṣe kòńgẹ́ ìgbà tí ibà mú Olútóyìn. Ìyá rẹ̀ da ẹ̀wù ọmọ náà sílẹ̀ níwájú Joanna, èrò sì pé lé wọn lórí.

"Ẹ gba aṣọ òkú yín!"

"Túnráyọ̀ ló..."

"Ṣé Túnráyọ̀ ló ń ra ìdì wálé? Ṣebí inú ìdì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti jáde?"

Owú kò jẹ́ kí Joanna ro ìyẹn rí. "Irọ́ ni!" ló ké. "Èmi ni mo pa á, torí pé ẹ fẹ́ràn Túnráyọ̀ jù mí lọ!"

Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Wọ́n ní ọjà rẹ̀ ló ń gbèjà.

Túnráyọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti yàrá ẹ̀yìn. Ó jáde, ó kọjú sí Joanna.

"Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n máa kí wọn."

Ó kó ẹrù rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́.

4.
Ara Olútóyìn yá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti jáde kò padà. Joanna bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ sílẹ̀, ó ń wọ aṣọ inú ìdì kiri ìlú, kí wọ́n lè rí i pé aṣọ lásán ni. Lónìí pupa, lọ́la aláwọ̀ ewé. Àwọn ènìyàn ń yà fún un lọ́nà. Wọ́n ní òkú ló ń tì í kiri. Nígbà tó yá, kò rí owó ilé ṣọ́ọ̀bù san mọ́, onílé gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, wọ́n sì já pátákó orúkọ Dominic lulẹ̀ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ṣọ́ra. Bí oníbàárà bá fẹ́ràn ẹni tí ẹ gbà síṣẹ́, ọjà yín náà ni wọ́n ń rà. Ẹ má ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, abẹ́ òrùlé kan náà ni orúkọ rẹ̀ àti ọjà yín jọ wà. Òjòwú kò lẹ́ran láyà. Ì bá jẹ iṣin, kò lè yó.