Ọkọ̀ Méjì Lórí Kọ̀ǹpútà Tuntun

Kọ̀ǹpútà tuntun tí ọmọ mi rà fún mi ń sáré bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n.

Mo fi géèmù ìwakọ̀ ẹlẹ́ni méjì àtijọ́ wa sínú rẹ̀. Kí n tó mí, ọkọ̀ ti forí sọ ògiri, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára.

Mo gbé e lọ bá oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó tẹ̀ ẹ́ títí tí eré géèmù náà fi dín kù.

"Màmá àgbà, ó ti ń sáré bíi tàtijọ́."

"Tún dín in kù."

"Háà! Ìgbín á yá jù ú lọ. Ẹ̀yin àti ẹnìkejì yín á sùn lọ nídìí ẹ̀ ni!"

Mo bá a rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ọwọ́ ọ̀tún mi ló ń wa ọkọ̀ tèmi. Láti ìgbà tí a ti sin ọkọ mi, ọwọ́ òsì mi ló ń wa tiwọn. Bó bá ń sáré báyìí, wọn ò ní lè lé mi bá."