Yìnyín Ìyá Mánsúrù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá fi í sílẹ̀. Ẹ kà á dé òpin, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà ní Agbówó, Olúrótìmí lorúkọ rẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tó ti parí ẹ̀kọ́, kò ríṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ní Ṣakí ta ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo tó ní, ó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí i pé kó fi dá iṣẹ́ sílẹ̀. Rótìmí gba yàrá kan lẹ́yìn ilé, ó lọ kó ìyẹ̀ pákó lọ́dọ̀ àwọn alápákó Bódìjà, ó dì í sínú ọ̀rá, ó gbin olú sí i, ó wá so àwọn ọ̀rá náà rọ̀ láti òkè.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ oòrùn Ìbàdàn nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Olú kò fẹ́ ooru, Rótìmí kò sì lágbára ẹ̀rọ amúlétutù. Ó mú kúlà àtijọ́ kan, irú èyí tí wọ́n ń kó mínírà sí níbi òde, ó lu ihò méjì sí ọmọrí rẹ̀. Ó da ojú fáànù kékeré kan bo ihò kìíní, ó ki páìpù bọ ìkejì. Bí yìnyín bá kún inú kúlà, tí fáànù ń fẹ́ sí i, atẹ́gùn tútù á máa gba ẹnu páìpù jáde.

Ta ló wá ń fún un ní yìnyín? Ìyá Mánsúrù ni, opó tó ń ta omi tútù lẹ́nu géètì ilé náà. Wọ́n jọ ṣàdéhùn. Ìyá Mánsúrù á máa gbé yìnyín wá láràárọ̀, Rótìmí á máa bu abọ́ olú kan fún un nígbàkúùgbà tó bá ká a.

2.

Ẹ bá mi wo yàrá yẹn. Ẹ ó ṣílẹ̀kùn, ẹ ó kúrò nínú ooru Agbówó, ẹ ó bọ́ sínú ìdájí ọyẹ́. Ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń rìn nílẹ̀. Olú funfun yọ lára ọ̀rá bí etí àwọn ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́. Fáànù ń kùn bí oyin, omi yìnyín ń kán tó, tó, tó sínú garawa. Rótìmí kì í da omi náà nù, òun ló ń fọ́n sára olú.

Nígbà mìíràn, á jókòó sílẹ̀, á dijú. Á máa rí yàrá mẹ́wàá, á máa rí ogún. Á rí ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun, tó ń kọrin lábẹ́ fèrèsé. Yìnyín wà nínú àlá náà. Ẹni tó ń rù ú wá ni kò sí níbẹ̀.

3.

Ó ya fídíò kúlà rẹ̀, ó gbé e sórí ayélujára. Kò pẹ́ tí Fadékẹ́mi, olórí àwọn tó ń dáná ní hòtẹ́ẹ̀lì kan lójú Ring Road, fi wá fojú ara rẹ̀ rí i.

"Èyí dáa o, ẹ kó o wá fún wa," ló wí. "Tí èyí tó ń bọ̀ bá rí báyìí, gbogbo rẹ̀ la máa gbà, a ó sì máa gbà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin àti ta lẹ jọ ń ṣe é?"

"Èmi nìkan ni, mà. Látinú ọpọlọ mi ni."

Ìyá Mánsúrù wà lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ yìnyín lórí, omi ń kán sí i léjìká. Ó sọ abọ́ náà kalẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ tí Rótìmí ká olú tó wà nílẹ̀, kò bu nǹkan kan fún un. Obìnrin náà wá bá a.

"Rótìmí, abọ́ olú mi dà?"

"Ẹ má bínú, mà. Ti hòtẹ́ẹ̀lì ni gbogbo rẹ̀ báyìí."

"Ṣé hòtẹ́ẹ̀lì ló ń gbé yìnyín wá ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Mánsúrù, yìnyín ni yìnyín ń jẹ́. Kò síbi tí n kò ti lè rí i."

"Ó dáa, ọ̀gá olólú. Ọlọ́run á bá ẹ ṣe é."

4.

Rótìmí lọ sọ́dọ̀ àwọn kan tó ń ta ẹja dídì ní Dùgbẹ̀. Ọkùnrin tó ń gé yìnyín kìlọ̀ fún un.

"Bọ̀dá, ẹja la ń fi yìnyín yìí tọ́jú o. Omi kànga lásán ni. Kò sẹ́ni tó ń mu ún."

"Èmi náà ò fẹ́ mu ún," ni Rótìmí fi dá a lóhùn.

Yàrá náà tutù bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìkùukùu ń rìn nílẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ń fọ́n omi inú garawa sára olú bíi ti tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, àmì pupa rúsúrúsú yọ létí olú tuntun tó ń hù. Lọ́jọ́ keje, gbogbo wọn ti ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀, wọ́n ń rùn. Ọjọ́ náà gan-an ni Fadékẹ́mi dé. Ó ṣílẹ̀kùn, ó fọwọ́ bo imú, ó rọra pa á dé.

"Mo ti rí i," ló sọ. Kò padà wá mọ́.

Rótìmí mú olú kan dání, ó lọ bá Ìyá Mánsúrù. Ó bá a nídìí ìkòkò ńlá kan tó ń hó, aṣọ funfun nà lẹ́nu ọpọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí lẹ ń sè, mà?"

"Omi yìnyín."

"Ẹ máa ń sè é?"

"Ohun tó bá máa kan ẹnu èèyàn, mo máa ń sè é, mo máa ń sẹ́ ẹ, kó tó wọ fìrísà. Mo ṣáà mọ̀ pé èèyàn ló máa jẹ olú yẹn."

Rótìmí wo olú ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ ò sọ fún mi."

"Ṣé o bi mí rí?"

Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n padà sí àdéhùn wọn. Ìyá Mánsúrù mi orí. "Ó ti bọ́. Obìnrin kan tó ń ta sóbò ní Baṣọ̀run ló ń kó gbogbo yìnyín mi báyìí. Ó kọ orúkọ mi mọ́ tiẹ̀ sára ike."

Nígbà tí Rótìmí padà sínú yàrá, fáànù ṣì ń kùn lórí kúlà òfìfo, ooru ló ń fẹ́ jáde. Fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni, láti Ṣakí.

"Ọmọ mi, olú ńkọ́?"

Ó dijú. Kò rí yàrá kankan.

Ìwọ tó ń ka èyí, iṣẹ́ wo lo fi orúkọ tìrẹ nìkan lé lórí? Ta ló ń se omi rẹ̀ níbi tí ojú rẹ kò dé? Wá ẹni náà lọ lónìí. Bi í léèrè ohun tó ń ṣe, pe orúkọ rẹ̀ níwájú àwọn èèyàn, fún un ní ìpín rẹ̀. Má fi ẹ̀tọ́ ẹni ẹlẹ́ni ṣe àlá ara rẹ, nítorí odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ.